Ta ni iṣẹ́ ẹbí yóò bọ́ sí lọ́wọ́? Ọmọ mẹ́ta, òwò kan

Ìbéèrè

Bàbá kan ti pé ẹni ọdún 67. Òun ló dá òwò náà sílẹ̀, òṣìṣẹ́ 14 ló wà níbẹ̀, gbogbo ìwé báǹkì sì wà lórúkọ òun nìkan. Ọmọ mẹ́ta ló bí. Àkọ́bí ní iṣẹ́ tirẹ̀ níbòmíràn, kò sì fẹ́ gbọ́ nǹkan kan nípa òwò yìí. Ọmọ kejì, obìnrin, ti ń bá bàbá ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́jọ. Ó mọ iṣẹ́ náà tinú tẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ níwájú oníbàárà. Àbíkẹ́yìn kàwé gan-an, ẹnu rẹ̀ dùn, kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, òun ló sì ń pariwo pé òun ló yẹ. Ìyá wọn ní kí wọ́n pín in sí mẹ́ta dọ́gba kí ìjà má baà wà. Ta ló tọ̀nà? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní pípín dọ́gba kò dára, ẹ fi ìṣirò ṣàlàyé. Ẹ má fi òwe dá wa lóhùn.

* * *

Èsì 1

Ìbéèrè méjì lẹ so pọ̀ mọ́ra. Ta ni yóò máa darí iṣẹ́ náà? Ta ni yóò ni ín? Ẹ kọ́kọ́ tú u. Ẹni tó ń darí ń gba owó oṣù nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹni tó ni ín ń gba èrè nítorí pé tirẹ̀ ni, kódà bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá tẹ ibẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ẹnì kan lè jẹ́ méjèèjì, ó sì lè jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo.

Ní 1978, Renato Tagiuri àti John Davis ní Yunifásítì Harvard ya àmì róbótó mẹ́ta tó wọnú ara wọn: ẹbí, ìní, iṣẹ́. Ẹ ya tiyín sórí ìwé, kí ẹ fi orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan síbi tó wà. Àkọ́bí wà nínú ẹbí, ó sì lè wà nínú ìní, kò sí nínú iṣẹ́. Ọmọ kejì wà nínú ẹbí àti iṣẹ́, kò tíì ní nǹkan kan níbẹ̀. Àbíkẹ́yìn wà nínú ẹbí nìkan, ariwo rẹ̀ ló wọ iṣẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ohun tí òwò náà yóò nílò fún ọdún márùn-ún tó ń bọ̀ sílẹ̀. Ṣé oníbàárà tuntun ni? Ṣé gbèsè tó há sọ́wọ́ àwọn èèyàn níta ni? Ṣé ẹ̀rọ tó ti gbó ni? Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ gbé ọmọ kọ̀ọ̀kan síwájú ìwé náà. Bí ẹ bá kọ́kọ́ dárúkọ, àwáwí tí yóò gbe orúkọ náà lẹ́sẹ̀ ni ẹ ó máa wá kiri.

* * *

Èsì 2

Ẹ béèrè ìṣirò, òun rèé. Nọ́ńbà lásán ni, kì í ṣe owó ìlú kankan.

Ká ní òwò náà tó 90, ilé, ilẹ̀ àti owó ìpamọ́ bàbá sì tó 30. Àpapọ̀ jẹ́ 120, ìpín ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 40. Òwò náà ń mú èrè 18 wá lọ́dún lẹ́yìn tí ẹni tó ń darí rẹ̀ ti gba owó oṣù.

Bí wọ́n bá ṣe bí ìyá ṣe wí, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò ní ìdá mẹ́ta òwò náà. Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹni tó wà níbi iṣẹ́ yóò ní kí wọ́n fi 10 nínú 18 pààrọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn méjì tó kù kò rí ẹ̀rọ náà rí, èrè ni wọ́n ń retí. Tí wọ́n bá dìbò, méjì yóò borí ọ̀kan. Wọ́n á pín 18 ní mẹ́fà-mẹ́fà, ẹ̀rọ á máa bàjẹ́ lọ, èrè ọdún kẹta á já sí 11, wọn yóò sì ní obìnrin yẹn kò mọ iṣẹ́. Ìjà tí ìyá ń sá fún gan-an ló fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn sílẹ̀.

Ọ̀nà kejì: kí ọmọ kejì gba gbogbo òwò náà, 90. Ìpín rẹ̀ jẹ́ 40, nítorí náà ó jẹ àwọn tó kù ní 50. Àwọn méjèèjì á pín ilé àti owó ìpamọ́ ní 15-15, òun á sì san 25-25 fún wọn díẹ̀díẹ̀. Kálukú dé 40. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni iye ọdún tí wọ́n fi san án. Nínú èrè 18, owó-orí lè kó 4, pípààrọ̀ irinṣẹ́ lè kó 4, ó ku 10. Tí wọ́n bá ní kó san 50 láàárín ọdún márùn-ún, 10 lọ́dún nìyẹn, kò ku kọ́bọ̀. Oníbàárà ńlá kan ṣoṣo tó bá pẹ́ kó tó san gbèsè rẹ̀, òwò dákú. Ọdún mẹ́wàá ni kí wọ́n fún un, kó máa san 5, kí ìdajì ṣẹ́kù sínú òwò. Kí owó tí yóò máa san má ju ìdajì ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn owó-orí àti irinṣẹ́ lọ.

* * *

Èsì 3

Mo gbà pẹ̀lú èsì kejì lórí bí yóò ṣe san án, n kò gbà lórí 90 yẹn. Ibo ló ti wá? Ó jọ pé èrè ọdún kan ni wọ́n sọ di ìlọ́po márùn-ún: 18 lọ́nà márùn-ún. Òwò tó jẹ́ pé inú orí bàbá ni iye ọjà wà, tó jẹ́ pé bàbá ni àwọn oníbàárà ń pè lórí fóònù, ta ni yóò ra irú rẹ̀ ní ìlọ́po márùn-ún? Ará ìta tó bá fẹ́ rà á yóò ní ìlọ́po mẹ́ta, ìyẹn 54. Ìṣirò yí padà pátápátá: 54 àti 30 jẹ́ 84, ìpín kálukú jẹ́ 28. Ọmọ kejì jẹ gbèsè 26, kì í ṣe 50. Àwọn méjì gba 15 nínú ohun ìní àti 13 lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ tún yẹ 18 náà wò. Nínú òwò kékeré, bàbá sábà máa ń lo ilé ara rẹ̀ láìgba owó ilé, kì í sì í san owó oṣù fún ara rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó kàn ń mú nínú owó tó wọlé ni. Èrè inú ìwé á wá ga ju bó ṣe rí lọ. Ẹ yọ owó ilé bí ìgbà tí ẹ ń yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ yọ owó oṣù tí ẹ ó san fún ọ̀gá tí ẹ bá gbà níta. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni èrè. Ẹ ṣe é fún ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́ta, ẹ fẹnu kò lórí ìlọ́po tí ẹ ó lò, kí ẹ sì buwọ́ lù ú nígbà tí bàbá ṣì wà láàyè. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìlọ́po méjì ni ẹni tó fẹ́ rà yóò máa pè é, ìlọ́po mẹ́jọ ni ẹni tó fẹ́ gba owó yóò máa pè.

* * *

Èsì 4

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọmọ fúnra wọn. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ kò ju mẹ́rin lọ: àkọ́bí ló ni ín, ọkùnrin ló yẹ, ẹni tó kàwé jù ni, ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ jù ni. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè bóyá ẹni náà lè ṣe é.

Ìwádìí kan lórí àwọn iléeṣẹ́ ní Denmark, tó jáde ní 2007, wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀gá bá kúrò tí wọ́n sì fi ọmọ ẹbí rọ́pò rẹ̀. Ní ìfiwéra pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti mú ará ìta, èrè lórí ohun ìní iléeṣẹ́ fi ó kéré tán mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ ẹbí burú. Àárín ọmọ díẹ̀ péré ni ẹbí ti ń yan ẹni, nígbà tí ará ìta wá láti àárín ọ̀pọ̀ èèyàn. Nítorí náà, ẹbí tó bá fẹ́ yan ọmọ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ dí àlàfo náà.

Nínú ohun tí ẹ ó máa wò lára ọmọ, ẹ ya èyí tó ṣeé kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò ṣeé kọ́. Ọjà títà ṣeé kọ́. Ìwé ìṣirò ṣeé kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ lórí owó, ẹni tí òṣìṣẹ́ kò lè sọ fún pé "ọ̀gá, èyí kò dáa", ẹni tí kì í lè béèrè gbèsè nítorí ìtìjú, ó ṣòro kí àwọn wọ̀nyí yí padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pé ẹni ogójì ọdún. Ẹnu tí kò dùn lójú oníbàárà kò sí lára wọn. Ẹ gba ẹnì kan síṣẹ́ tí yóò máa tajà, ó tán.

* * *

Èsì 5

Kò tán. Nínú òwò kékeré, oníbàárà mẹ́wàá lè mú ohun tó ju ìdajì owó tó ń wọlé wá. Bí olùtajà tí ẹ gbà bá bínú lọ, yóò kó wọn lọ. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ mọ àwọn mẹ́wàá yẹn lójú. Kò ní láti jẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ó kàn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ìbẹ̀wò àkọ́kọ́: bàbá sọ̀rọ̀, ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìbẹ̀wò kejì: ọmọ ló sọ̀rọ̀ iye owó àti ọjọ́ tí ọjà yóò dé, bàbá jókòó, kò la ẹnu. Ìkẹta: ọmọ nìkan ló lọ. Láti ọjọ́ yẹn, orúkọ ọmọ ni kó wà lábẹ́ gbogbo lẹ́tà tó bá kan iye ọjà. Bí oníbàárà bá pe bàbá láti bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀dínwó, èsì kan ṣoṣo ló wà: "Ẹ bá a sọ ọ́." Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí bàbá bá fún wọn ní ẹ̀dínwó lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ oṣù mẹ́fà ti dànù nìyẹn.

* * *

Èsì 6

Ẹ̀kọ́ tí gbogbo wọn ń fi sí ìkẹyìn ló yẹ kó ṣáájú: ìwé owó. Àwọn bàbá máa ń jẹ́ kí ọmọ mọ ọjà, mọ ẹ̀rọ, mọ òṣìṣẹ́, wọ́n á sì fi owó pa mọ́ títí di ọjọ́ ikú. Ó yẹ kí ẹni tí a fẹ́ fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́ máa kọ ojú ìwé kan ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì: iye tó wà ní báǹkì, ta ló jẹ wá àti ó ti tó ọjọ́ mélòó, ta ni a jẹ àti ọjọ́ wo ni, ọjà mélòó ló wà nílẹ̀, owó tí yóò wọlé àti èyí tí yóò jáde láàárín ọ̀sẹ̀ 13 tó ń bọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, yóò mọ òwò náà ju ẹni tó ti ń gbé ẹrù níbẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ.

Ibẹ̀ náà ni yóò ti rí i pé èrè kì í ṣe owó ọwọ́. Ẹ san owó ọjà lẹ́yìn 30 ọjọ́, oníbàárà san yín lẹ́yìn 60: owó ọjà oṣù kan ló há níta. Bí ọjà tí ẹ ń rà lóṣù bá jẹ́ 10, 10 ló há. Bí títà bá di ìlọ́po méjì, 20 ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ rí 10 tuntun náà níbì kan. Arọ́pò tuntun máa ń fẹ́ fi hàn pé òun lè mú òwò gbòòrò, ibi tó sì ti ń ṣubú nìyí. Òwò tó ń tà dáadáa ni, kò kàn sí owó láti fi san owó oṣù ni.

Lórí àṣẹ níná owó, ẹ fi ìpele sí i. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́: ó lè ná tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí òwò ń rà lóṣù láìbéèrè. Oṣù mẹ́fà kejì: 25. Ọdún kejì: 50. Ọdún kẹta: gbogbo rẹ̀, àyàfi ẹ̀yáwó, títa ilẹ̀ tàbí ilé, àti dídúró fún gbèsè ẹlòmíràn. Mẹ́ta yìí nìkan ni bàbá lè dá dúró. Ohun tó bá kù, kódà bó bá ṣì í, kó dúró bẹ́ẹ̀; ẹ jọ sọ ọ́ níkọ̀kọ̀. Bí bàbá bá yí ìpinnu rẹ̀ padà lójú òṣìṣẹ́, láti ọjọ́ náà ni wọn yóò ti máa fo orí rẹ̀ lọ bá bàbá.

* * *

Èsì 7

Ẹ fi ìdánwò kan kún un: kí bàbá kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn oṣù díẹ̀, oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn. Kó má pè, kó má gbé ìpè. Gbogbo ohun tí wọ́n bá rí pé bàbá nìkan ló mọ̀ ọ́n, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé yẹn ni iṣẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ oṣù tó tẹ̀ lé e. Bí ìwé náà bá gùn bákan náà lẹ́yìn ìgbà kẹta, bàbá kò kọ́ ẹnikẹ́ni.

* * *

Èsì 8

Kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kan ìwé, bẹ́ẹ̀ òun ló ń pa òwò kékeré láàárín oṣù kan. "Gbogbo ìwé báǹkì wà lórúkọ òun nìkan" ni ẹ kọ. Bí bàbá bá kú lóru òní, báǹkì yóò ti àkáǹtì náà pa títí ìwé ilé ẹjọ́ yóò fi jáde, òṣìṣẹ́ 14 á sì máa retí owó oṣù. Ìwé tí bàbá fi yan ọmọ ṣe aṣojú kò ní ràn yín lọ́wọ́, nítorí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ń bá ẹni tó fún ni kú.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ lọ́yà bóyá òwò náà jẹ́ iléeṣẹ́ tó dá dúró lábẹ́ òfin, àbí bàbá fúnra rẹ̀ ni òwò. Bó bá jẹ́ bàbá fúnra rẹ̀, ikú rẹ̀ lè pa àdéhùn, ìwé àṣẹ àti àkáǹtì mọ́ ọn. Sísọ ọ́ di iléeṣẹ́ tó ní ìpín gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ṣíṣe é lẹ́yìn ikú lè gba ọdún. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹni kejì sí ìbuwọ́lù báǹkì iléeṣẹ́ náà. Ẹ wo orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilé tí ẹ yá, ìwé ọkọ̀, nọ́ńbà fóònù tí oníbàárà ń pè, íméèlì, ọ̀rọ̀ ìwọlé. Nọ́ńbà fóònù yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀.

Èyí tó wá burú jù: ìdúró. Bàbá lè ti buwọ́ lu ìwé pé bí òwò kò bá san ẹ̀yáwó, ilé òun ni kí wọ́n gbà. Fífi iṣẹ́ lé ọmọ lọ́wọ́ kò yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Àyàfi kí báǹkì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn tú u sílẹ̀, wọn kì í sì í sábà kọ ọ́ bí kò bá sí onídùúró mìíràn. Ẹ gba lẹ́tà náà kí bàbá tó fi ipò sílẹ̀. Ẹ sì kọ ìwé ìhágún. Dhirubhai Ambani, tó dá iléeṣẹ́ ńlá Reliance sílẹ̀, kú ní India ní 2002 láìní ìwé ìhágún, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì jà títí ìyá wọn fi là wọ́n ní 2005 nípa pípín ilé-iṣẹ́ náà sí méjì. Òwò ńláńlá ṣeé pín sí méjì kó sì wà láàyè. Òwò òṣìṣẹ́ 14 kò ṣeé pín bẹ́ẹ̀.

* * *

Èsì 9

Ẹ ń bú bàbá pé kò fẹ́ fi sílẹ̀, ẹ kò béèrè ohun tí yóò máa jẹ. Bó bá jẹ́ pé òwò yìí nìkan ni owó rẹ̀, kò ní lọ, kódà bí ẹ bá kọ ìwé ọgọ́rùn-ún. Kí ilé tí òwò wà nínú rẹ̀ wà lórúkọ rẹ̀, kí òwò máa san owó ilé fún un. Tàbí kí wọ́n fẹnu kò lórí iye kan lóṣù fún iye ọdún kan. Kí ó wà nínú ìwé, kí ó sì wà nínú ìṣirò èsì kejì, nítorí inú 10 yẹn kan náà ni yóò ti jáde. Ẹ dá ọjọ́ tí yóò lọ, ẹ sọ ọ́ di mímọ̀: ẹbí lákọ̀ọ́kọ́, àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ dúró lé, báǹkì, àwọn tó ń kó ọjà fún yín, lẹ́yìn náà oníbàárà. Bí oníbàárà bá ṣáájú òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ á gbọ́ ọ níta, ẹni tó mọ iṣẹ́ jù á sì wá iṣẹ́ mìíràn.

* * *

Èsì 10

Ṣé dandan ni kó jẹ́ ọmọ? Ní Japan, ẹbí tí kò bá ní ọmọ tó yẹ máa ń gba ọkọ ọmọ wọn ṣe ọmọ, á sì máa jẹ́ orúkọ ẹbí. Osamu Suzuki, tó di ààrẹ iléeṣẹ́ ọkọ̀ Suzuki ní 1978, Matsuda ni orúkọ ìdílé tí wọ́n bí i sí. Ìgbéyàwó ló gbé e wọlé. Ó tún lè jẹ́ òṣìṣẹ́ àtijọ́ tí yóò di ipò mú fún ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé ọdún márùn-ún ni, kí ẹ sì kọ ohun tí yóò gbà nígbà tó bá parí. Ẹni tó di ipò mú láìmọ ìgbà tó ń lọ máa ń rò pé tòun ni.

* * *

Èsì 11

Ó ku àbíkẹ́yìn, ẹ ti gbàgbé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló lè dá gbogbo rẹ̀ rú. Ẹ má kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ẹ má sì fún un ní ipò nítorí ariwo. Òfin ìwọlé kan náà ni kí ó kan gbogbo ọmọ, àti ọmọ ọmọ: kí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá tí kì í ṣe ẹbí fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n sì ti gbé e ga níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí àyè tó bá fẹ́ gbà ṣófo ní tòótọ́, kí owó oṣù rẹ̀ jẹ́ iye tí wọ́n ń san fún irú iṣẹ́ náà níta, kó má kéré, kó má pọ̀, kí ẹni tí kì í ṣe òbí rẹ̀ máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Òfin owó oṣù yẹn kan ọmọ kejì pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ pé láti ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ti ń san ìdajì fún un, tí wọ́n sì ń sọ pé "tìẹ náà ni lọ́jọ́ iwájú", òwò jẹ ẹ́ ní gbèsè. Kí wọ́n ṣírò ìdajì tí wọn kò san, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú 26 tàbí 50 tó fẹ́ san fún àwọn tó kù, kí wọ́n sì ṣe é lójú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ìyá wọn, kí bàbá tó buwọ́ lu ohunkóhun.